Orin Inú Ilé, Orin Àgbàlá

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì kan ní àárín ìlú Àjàṣẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ìkórè rẹ̀, a wà pẹ̀lú wọn láti ìgbà tí agogo kọ́kọ́ dún títí di ìgbà tí wọ́n ta iṣu tí ó gbẹ̀yìn ní àgbàlá. A kò lọ wá àléébù ẹnikẹ́ni. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni a ti ṣe ìrìbọmi fún púpọ̀ nínú àwa tí à ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn yìí, ibẹ̀ náà ni a sì ti gbé òkú àwọn òbí wa jáde. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ wa gbà ṣe ni láti máa ṣọ́ bí èdè Yorùbá ti ń ṣe sí ní ilẹ̀ yìí, kò sì sí ibi tí a ti lè mọ̀ ọ́n ju ibi tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ti ń la ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà láti kọrin. Ohun tí a gbọ́ ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín. A kò ní dárúkọ ìjọ náà, nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ ìjọ mìíràn bí ó ti kàn án.

Kí a kọ́kọ́ yin ohun tí ó yẹ fún ìyìn. Ìsìn náà ní ètò. Wọ́n ka Ìwé Mímọ́ ní èdè mẹ́ta, Yorùbá, Ègùn àti Faransé, kò sì sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a kà pẹ̀lú ìkánjú. Ìtàn Rúùtù ni pásítọ̀ fi wàásù. Ó pe iṣẹ́ obìnrin náà ní pèéṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí Bíbélì Yorùbá ti pè é. Ó sì sọ̀rọ̀ nípa ebè, nípa àká àti nípa ìtí ọkà, títí àwọn àgbà tí ó ti Kétu, Ṣàbẹ àti Pobẹ̀ wá sí ìlú fi ń mi orí. Ó pẹ́ tí a ti gbọ́ Yorùbá tí ó gún régé bẹ́ẹ̀ lórí àga ìwàásù.

Lẹ́yìn ìwàásù ni a pe kíláàsì kọ̀ọ̀kan síwájú. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Mẹ́tọ́díìsì lè má mọ ohun tí èyí jẹ́. Gbogbo ọmọ ìjọ ni a pín sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan sì ní olórí tí ó mọ ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, ẹni tí ó rin ìrìn-àjò, àti ẹni tí ó ti pẹ́ tí a kò ti rí i. Ìlú Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ètò náà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1742: nǹkan bí ènìyàn méjìlá sí kíláàsì kan, pẹ́nì kan lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀, láti san gbèsè ilé ìsìn. Ọgbọ́n owó ni ó bẹ̀rẹ̀ bí, ó sì di ìdílé. Ní Àjàṣẹ́ òde òní, níbi tí ènìyàn lè gbé ọdún mẹ́ta nínú yàrá tí ó háyà láìmọ orúkọ ẹni tí ó wà ní yàrá kejì, olórí kíláàsì ni í kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn nígbà tí àìsàn bá dé, òun náà ni í sì í rán ènìyàn sí ilé bàbá ẹni nígbà tí òkú bá ṣẹlẹ̀. A rí ìyá arúgbó kan tí kíláàsì rẹ̀ gbé àga rẹ̀ wọlé, tí wọ́n sì gbé ẹ̀bùn ìkórè rẹ̀ síwájú pẹpẹ, igbá àgbàdo kan péré, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ kan náà tí wọ́n fi gbé ti àwọn olówó. Ìjọ tí ó ń ṣe báyìí kò tíì kú.

Ṣùgbọ́n orin ni ọ̀rọ̀ wa.

Nígbà tí dùrù bẹ̀rẹ̀ orin kejì, gbogbo ìjọ dìde. Orin àtijọ́ ni, tí a túmọ̀ láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí a sì fi sí ohùn tí ó bá a wá láti òkèèrè. Ẹgbẹ́ akọrin kọ ọ́ dáradára. Ìpín ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin péye. Ọmọkùnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tí kò lè ju ọmọ ọdún méje lọ, tí ìyá ìyá rẹ̀ mú wá. Nígbà tí orin dé ibi tí a ti ń dárúkọ ọ̀run, ohùn dùrù sọ̀ kalẹ̀ ní àkókò tí ohùn ọ̀rọ̀ náà yẹ kí ó gòkè. Ọmọ náà gbé ọwọ́ lé ọrùn rẹ̀, ó sì wo ojú ìyá àgbà. Ìyá àgbà gbá a lọ́wọ́ díẹ̀, ó sì ń bá orin lọ.

Ọmọ náà kò ṣe àṣìṣe. Ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ ni ó dáhùn sí. Gbogbo wa mọ̀ pé nínú èdè wa, gbígbé ohùn sókè tàbí sísọ ọ́ kalẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lára ọ̀rọ̀. Òun gan-an ni ọ̀rọ̀. Ẹ gbé ohùn ọ̀run wálẹ̀ láti òkè, ó di ọrùn. Ẹ jẹ́ kí ohùn orin fò sókè ní ìparí ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ Olùgbàlà di ẹ̀jẹ́ tí ẹnì kan jẹ́. Ẹ fi ohùn kan náà kọ apá méjèèjì ọ̀rọ̀ náà ogún, ogún àwọn ẹni mímọ́ di ogun. Ìlú mímọ́ pàápàá, bí a bá tẹ́ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, a di ìlù mímọ́. Ìlù tí àwọn àgbà ìjọ ìṣáájú lé jáde ní ẹnu ọ̀nà ti gba ẹnu akọrin wọlé padà. Àwọn àgbà wa ní ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. A ka iye ìgbà tí ẹyin balẹ̀ nínú orin kan ṣoṣo yẹn, nígbà tí a sì dé ẹsẹ kẹta, a fi kíkà sílẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń tàn jẹ. Àgbàlagbà mọ ohun tí orin ń sọ, ó sì ń fi ọkàn tún un ṣe. Òtítọ́ ni fún àgbàlagbà tí ó ti ní ìwé orin lọ́wọ́ láti kékeré. Kí ni ti ọmọ ọdún méje? Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ ọ ní ìwé kíkà ní ilé ẹ̀kọ́. Kò lè ka ìwé orin Yorùbá. Etí nìkan ni ó ní. Bí ohun tí etí rẹ̀ ń gbọ́ kò bá jọ èdè tí ìyá àgbà rẹ̀ ń bá a sọ ní ìdáná, yóò rò pé Yorùbá ilé Ọlọ́run jẹ́ èdè mìíràn tí kò ní ìtumọ̀, yóò sì yíjú sí Faransé, èyí tí ó yé e. Kì í ṣe nítorí pé ó kórìíra Yorùbá. Àwa ni a kò fún un ní Yorùbá tí ó ṣeé gbọ́.

Ìsìn parí ní ọ̀sán. Bí a ti ń jáde, a gbọ́ ariwo ní àgbàlá. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí ó wọ aṣọ ẹgbẹ́jọdá aláwọ̀ ewé ni. Àwọn kan náà tí ó dúró bí ọ̀pá nínú ilé nígbà tí dùrù ń dún. Ẹnì kan nínú wọn dá orin, àwọn yòókù sì gbè é. Ọkùnrin kan mú gángan jáde láti ẹ̀yìn ọkọ̀. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ méjì tẹ̀ lé e. Ìdúpẹ́ ìkórè ni orin náà, gbólóhùn kan fún ẹlẹ́lé, gbólóhùn kan fún ẹlẹ́gbè. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí ó yí padà lẹ́nu wọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti gòkè ni orin ti gòkè, ibi tí ó ti sọ̀ ni orin ti sọ̀, gángan sì ń wí i lẹ́yìn wọn débi pé ẹni tí ó wà ní ìta ọgbà lè mọ ohun tí wọ́n ń wí láìgbọ́ ohùn ènìyàn. Àwọn obìnrin Ègùn, tí kò ṣí ẹnu sí orin Yorùbá nínú ilé nítorí pé ẹsẹ mẹ́fà inú ìwé ju ohun tí wọ́n lè há sórí lọ, ń gbe orin yìí láìsí ìwé. Èdè tiwọn náà ń fi ohùn yà ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, wọ́n sì mọ iyì orin tí ó bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀.

Nígbà náà ni a mọ ohun tí a fẹ́ kọ. Ìjọ yìí ní orin méjì: ọ̀kan jókòó lórí àga, ọ̀kan sì dúró sí ìta.

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé à ń sọ pé kí a kó ìwé orin sọnù. A tẹ́tí sí orin àgbàlá pẹ́, bí a sì ti fẹ́ràn rẹ̀ tó, a gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ nípa òun náà. Lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti tán. Gbólóhùn kan náà ni wọ́n ń yí po. Nígbà tí ọkùnrin olówó kan fi owó lé iwájú orí ẹlẹ́lé, orúkọ ọkùnrin náà wọ inú orin, ó sì pẹ́ kí orúkọ Ọlọ́run tó padà síbẹ̀. Orin inú ìwé kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ẹsẹ mẹ́fà rẹ̀ lè gbé ènìyàn láti ìṣẹ̀dá dé àjíǹde. Ó mọ ẹ̀ṣẹ̀, ó mọ ìbànújẹ́, ó mọ ohun tí a lè sọ létí ibojì. Charles Wesley, tí ó kọ ju ẹgbẹ̀rún mẹ́fà orin lọ kí ó tó kú ní 1788, fi orin kọ́ àwọn tí kò lè ka ìwé ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́. Orin inú ilé ní ọ̀rọ̀, kò ní ohùn; orin àgbàlá ní ohùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tó. Ẹ̀bi ìjọ kò sí nínú pé ó ní méjèèjì, bí kò ṣe nínú pé ó fi ògiri sí àárín wọn láti ìran dé ìran, tí kò sì bi ara rẹ̀ léèrè ìdí rẹ̀.

Ta ni ó mọ ògiri náà? A gbọ́ ìdáhùn tí àwọn àgbà ìjọ sábà máa ń fún ni: báyìí ni Mẹ́tọ́díìsì ṣe wá bá wa. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Thomas Birch Freeman, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ènìyàn dúdú tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù Kẹsàn-án 1842. Kí ọdún náà tó parí ó ti dé Abẹ́òkúta lọ́dọ̀ Ṣódẹkẹ́, ní 1843 ó sì dé Àbọ̀mé níwájú ọba Ghezo. Kò gbé dùrù lọ́wọ́. Lábẹ́ igi àti ní àgbàlá ọba ni irú ìwàásù bẹ́ẹ̀ ti ń wáyé, kí ilé ìsìn tó dìde. Bí a bá sì padà sẹ́yìn ju èyí lọ, ní oṣù Kẹrin 1739 ni John Wesley jáde lọ wàásù ní pápá ní àgbègbè Bristol, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìjọ ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn, àti nítorí pé àwọn awakùsà tí ó fẹ́ bá sọ̀rọ̀ kì í wọ ilé ìsìn. Ìta ni Mẹ́tọ́díìsì ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1761, ó kọ ìlànà sílẹ̀ nípa bí ó ti yẹ kí ìjọ máa kọrin: kí gbogbo ènìyàn kọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ariwo borí ẹlòmíràn, kí ọkàn sì wà lára ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. A bi àwọn àgbà wa léèrè: báwo ni ọkàn yóò ṣe wà lára ọ̀rọ̀ tí ohùn orin ti sọ di ọ̀rọ̀ mìíràn?

Àwọn kan yóò tún sọ pé ìlù ni ìṣòro, pé gángan yóò pe òrìṣà wọlé. A kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́; àwọn tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ ti ilé òrìṣà wá, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n gángan kò ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí a bá fi sí i lẹ́nu. Nínú oríkì ọba, ọba ni í kì. Ní àgbàlá ìjọ ní ọjọ́ ìkórè, Ọlọ́run ni a gbọ́ tí ó ń yìn.

Àtúnṣe tí à ń bèèrè kì í ṣe ohun tuntun. Nígbà tí àwọn baba ìjọ ní Nàìjíríà rí ìṣòro yìí, wọn kò dákẹ́. Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, fi ohùn Ẹ̀gbá kọ orin ìgbàgbọ́, ní 1922 ó sì lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí a ti gba orin rẹ̀ sínú àwo. Ní 1953, Ekundayo Phillips, ẹni tí ó ń tẹ dùrù ní kàtídírà Áńgílíkà ní Èkó, tẹ ìwé kan jáde nípa orin Yorùbá, nínú èyí tí ó fi hàn pé ohùn orin gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Ó yẹ kí àwa ọmọ Mẹ́tọ́díìsì rántí àlùfáà tiwa, A. T. Olajide Olude, ẹni tí a bí ní 1908, tí ó kàwé ní Wesley College ní Ìbàdàn. Orin kan tí ó ṣe ní 1949, ọ̀rọ̀ àti ohùn rẹ̀, dára tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì Amẹ́ríkà fi gbà á sínú ìwé orin wọn ti 1989. Orin tí àlùfáà Yorùbá ṣe ti rékọjá òkun, ó sì rí àyè jókòó ní ilé àwọn tí ó kọ́ wa ní dùrù. Ní ìsìn ìkórè tí a lọ, láti orin àkọ́kọ́ títí dé èyí tí a fi túká, a kò gbọ́ orin kan tí ọmọ Yorùbá tàbí ọmọ Ègùn ṣe.

Kí ni a wá ń fẹ́? Nǹkan mẹ́ta péré ni, kò sì sí èyí tí yóò wó ilé.

Èkíní, kí orin kan ó kéré tán nínú ìsìn Yorùbá kọ̀ọ̀kan jẹ́ orin tí a ṣe ní èdè Yorùbá láti ìpilẹ̀ rẹ̀. Kí a fi orin àtijọ́ sílẹ̀ ní ibi tí ó ti ta gbòǹgbò, pàápàá níbi ìsìnkú. Ẹni tí a bá fi orin yẹn sin ìyá rẹ̀ ti fi ọkàn ara rẹ̀ tún ohùn rẹ̀ ṣe. A kò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Èkejì, kí a kó orin àwọn ẹgbẹ́ obìnrin jọ, kí a kọ wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kí a sì kọ bí gángan ṣe ń wí wọn. Àwọn tí ó dá orin ní ọjọ́ náà, a kò rí ọ̀dọ́bìnrin kan láàárín wọn. Bí àwọn ìyá wọ̀nyí bá kọjá lọ, orin náà bá wọn lọ nìyẹn. Ẹgbẹ́ wa setán láti rán ènìyàn sí ìjọ tí ó bá fẹ́.

Ẹ̀kẹta, kí ìjọ bẹ àwọn akéwì àti àwọn olùkọ́ èdè tí ó wà láàárín rẹ̀ lọ́wẹ̀, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ tí ó jinlẹ̀ sí ohùn àgbàlá. Ẹnu pásítọ̀ tí ó mọ pèéṣẹ́ àti àká kò lè ṣàìní orin nínú. Bí a bá ti lè wàásù Rúùtù ní Yorùbá tí ó mì àwọn àgbà, kí ni kò jẹ́ kí a kọ Rúùtù ní orin, ẹsẹ mẹ́rin, pẹ̀lú ègbè tí obìnrin Ègùn lè gbè?

A mọ̀ pé ìjọ ní ẹrù mìíràn: òrùlé, ilé ẹ̀kọ́, owó àwọn aláìsàn. Ṣùgbọ́n àwọn òbí wa tí ó gba ìhìnrere kò gbà á ní èdè àjèjì lásán. Wọ́n rí i pé Bíbélì Yorùbá parí ní 1884, wọ́n rí i pé ti Ègùn jáde lódindi ní 1923, nítorí pé wọ́n gbà pé Ọlọ́run tí kò bá lè sọ èdè ẹni kò tíì dé ilé ẹni. Wọ́n ṣe ti ìwé kíkà. Ti orin ṣẹ́ kù fún wa.

Kí a tó kúrò ní àgbàlá, a tún rí ọmọkùnrin náà. Ó ti bọ́ bàtà rẹ̀, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí ó ń lu gángan, ó sì ń gbe orin pẹ̀lú àwọn obìnrin. Ẹlẹ́lé dárúkọ ọ̀run nínú orin, ohùn rẹ̀ sì gòkè bí ó ti yẹ kí ó gòkè. Ọmọ náà kò gbé ọwọ́ lé ọrùn. Òkè ni ó nàka sí.